Ìka Méjì

Láti àárọ̀ ni Láwuyì ti ń pariwo ní Mọ́níyà:
"Ẹ po sìmẹ́ńtì! Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù! Ta ló fi ọkọ́ síbẹ̀?"
Bíríkìlà mọ́kàndínlógún ń sá sókè sódò nítorí ohùn rẹ̀.
Tó bá di alẹ́ Ọjọ́bọ̀,
á gun òkè Arẹ̀mọ wálé,
á bọ́ bàtà, á bọ́ aago, á bọ́ ohùn yẹn náà,
á fi í kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.
Á kúnlẹ̀.
Kò sẹ́ni tó tì í.

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.
Èmi ni mo dúró, èmi ni mo ń pàṣẹ,
àmọ́ òun ló rán mi.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá, a jókòó bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀.
Ìwé olójú-ewé ogójì kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi,
mo fi gègé pupa pín in sí mẹ́ta:
ohun tó wù ú,
ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ láéláé,
ohun tí kò tíì mọ̀.
Ti àárín ló gùn jù. Inú mi dùn pé ó gùn.
Ẹni tí kò lè sọ "rárá" fún mi,
kí ni mo fẹ́ fi "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ̀ ṣe?

A jọ wá ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kì í sọ lórí ibùsùn.
Ó ní, "Ògùnpa."
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí omi náà wọ yàrá wọn,
tó gbé àpótí ìyá rẹ̀ lọ, tó gbé àgùntàn onílé lọ.
Bí Ògùnpa bá dé, ó ní,
kò sí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ènìyàn tí kò ní jù sílẹ̀.

Ọwọ́ tó ń wọn oògùn fún aláìsàn ní Òkè-Bọ́là lójúmọmọ,
òun ló ń di ìborùn mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́ lálẹ́.
Mo máa ń ti ìka méjì bọ àárín aṣọ àti awọ.
Bí wọn ò bá wọlé, mo tú u, mo tún un dì.
Àlùmọ́gàjí wà lórí tábìlì. Omi wà nínú ife.
Ọtí ò gbọdọ̀ kan ẹnu wa lọ́jọ́ náà, ì báà ṣe ẹ̀kán kan.

Ọkùnrin kan wà ní Ṣáńgo, ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n mi.
Mo ní, "Ó tó." Ó ní, "Ṣé o ò fẹ́ràn mi ni?"
Títí dòní, àtàǹpàkò òsì mi ò mọ tútù yàtọ̀ sí gbígbóná.
Òun náà ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá.

Lóṣù Agẹmọ, òjò ń lu páànù bí ẹni ń da òkúta wẹ́wẹ́.
Mi ò tíì ṣe ju kí n gbọ́wọ́ lé èjìká rẹ̀ lọ.
Ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń béèrè ọ̀nà:
"Ògùnpa."

Mo gé e. Mi ò bi í pé kí ló dé.
Ìborùn tí mo fi owó gidi rà ní Gbági di méjì.
Mo tanná. Mo da aṣọ ìbora bò ó. Mo gbé omi sí i lẹ́nu.
A jókòó sílẹ̀, a fẹ̀yìn ti ara wa,
à ń jẹ búrẹ́dì tó ti le, a ò sọ nǹkan kan.

Ìgbà tí ládàánì pe ìrun àsùbáà níhà Ọjà'ba ló tó lanu:
"Kò sí ohun tó dùn mí.
Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn náà ń ṣí ni."

Inú bí mi. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́.
Ìborùn mi ni mo kọ́kọ́ rántí.
Ó di ọ̀sán, níbi tí mo ti ń ka oògùn sínú ọ̀rá, kí n tó bi ara mi:
ta ló ń sùn fọnfọn nínú yàrá
tí kò tíì dán kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wò?

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ra òmíràn wá láti Aléṣinlọ́yẹ́,
aláwọ̀ ewé, kò bá mi lára mu rárá.
Ó bọ́ bàtà. Ó bọ́ aago.
Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.
Mo ní, "Ṣé o fẹ́ ẹ lónìí?"

Ó ń rò ó.
Mo dúró dè é.