Tíì Tí A Ò Tíì Mu

Ní Dada, l'Ókèlele, lẹ́yìn Ìṣáì,
nígbà tí iná ìkòkò bá ti di eérú,
Àwẹ̀ró ọmọ ọmọ mi a fi fóònù ti ara agbada,
a ní, "Ìyá àgbà, ó ti dé ibi tó dùn."

Ààfin ni, ààfin àwọn ará Ṣáínà àtijọ́:
aṣọ tó ń wọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀,
ọkùnrin tó ń rìn bí ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ lábẹ́ ẹ̀wù.
N ò gbọ́ èdè wọn. Àwẹ̀ró ní ń ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀,
gúgúrú lẹ́nu.

Yúnṣì ni orúkọ ayaba.
Mo gbọ́ ṣì nínú rẹ̀, bí ẹni tó ṣì ọ̀nà.
Àwẹ̀ró ní rárá, ṣí ni, bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn.
A jiyàn lé e títí Nẹ́pà fi mú iná lọ.

Ọmọ ìyá rẹ̀ ló gbé tíì onímájèlé fún un,
tẹ̀ríntẹ̀rín, tọwọ́ méjèèjì.
Ó mu ún. Ó kú.
Ó sì jí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ sílé ọba,
tí ẹnikẹ́ni ò tíì bu tíì,
tí balógun tó kọ̀ sílẹ̀ ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà,
òjò ń pa á,
kò mọ̀ pé òun ti kú nítorí obìnrin yìí rí.

"Ìyá àgbà, ẹ̀ ń sunkún ni?"
Èéfín ni, mo ní.
Iná sì ti kú láti ìrọ̀lẹ́.

Nímọ́tà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi,
òun nìkan ló mọ̀wé lágbo ilé wa.
Lẹ́tà dé láti Kùmásì, ọ̀dọ̀ Bùráímọ̀,
mo gbé e fún un tàmọ̀tàmọ̀ lọ́wọ́.
Ó kà á jẹ́jẹ́, ó tilẹ̀ mi orí:
"Ó ti gbéyàwó níbẹ̀. Ó ní kí o má retí òun."
Ìwé kì í purọ́; ẹnu tó ń kà á ni n ò yẹ̀ wò.
Mo fẹ́ Sàáká, ọkùnrin pẹ̀lẹ́, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ.
Ogójì ọdún kọjá kí Nímọ́tà tó di ọwọ́ mi mú lórí àìsàn:
"Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń bọ̀ lóṣù Rájábù.
Èmi náà ni mo ń retí rẹ̀."
Mo fi aṣọ bò ó. Mo ní kó sùn.
Bóyá mo foríjì í, n ò tíì mọ̀.

Bí èmi náà bá jí ní mẹ́tàdínlógún,
ǹ bá já ìwé yẹn gbà.
Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ńkọ́?
Yúnṣì ò bímọ kó tó kú. Ó rọrùn fún un.

Bùráímọ̀ ti padà dé, irun rẹ̀ bí òwú.
Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wá ra ìkòkò omi. Ó ti pé mọ́kànlá.
Kí ni ọkùnrin tó ń dá gbé fẹ́ fi ìkòkò mọ́kànlá ṣe?
Ó ní èyí tó rà kẹ́yìn ń jò. Mo ní kó gbé e wá.
Kò gbé e wá.

Lánàá ó fi bébà kan sábẹ́ owó.
Àwẹ̀ró na ọwọ́: "Ẹ jẹ́ n kà á fún yín."
Mo ní fi sílẹ̀.
Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń lọ kíláàsì àgbà lẹ́yìn mọ́sáláṣí,
orúkọ mi ò tún ṣòro fún mi mọ́.
Mo tẹ́ bébà náà sórí ìkòkò tútù, mo fi ìka tẹ̀lé e:
M, o. Mo.
Ṣ, ì. Ṣì.
Mo ṣì

Nẹ́pà bá mú iná lọ.
Àwẹ̀ró, gbé fìtílà wá.