Ẹ̀rọ Tó Ń Ráhùn

Òru kẹta rèé tó ti ń lọ àgbàdo tí a kò fún un.
Kùrù, kùrù, lẹ́yìn àpótí gíláàsì,
bí ìyá arúgbó tí eyín rẹ̀ ku méjì
tó taku pé dandan ni kóun jẹ ẹ̀pà yíyan.
Ẹja mẹ́fà inú omi kò tilẹ̀ bìkítà.
Èmi ni oorun kọ̀ sílẹ̀.

Mùníràtù ló ni wọ́n.
Ọjọ́ tó ń lọ kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí ní Kútọnu, ó ní,
"Bàbá, oúnjẹ tí ìka méjì lè mú ni kẹ́ ẹ máa fún wọn."
Kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ.

Ogójì ọdún ni mo fi tún aago ṣe l'Àjàṣẹ́ yìí.
Mo mọ igbe irin tí irin ń jẹ.
Àmọ́ aago kì í gbé inú omi.

Mo yọ wáyà lára iná kí n tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.
(Wàídì ilé kejì kò yọ tiẹ̀ lọ́jọ́sí,
ó jó ijó tí kò nílù.)
Mo tú u. Fóòmù rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò,
ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá àná.
Mo fẹ́ gbé e sábẹ́ omi ẹ̀rọ,
mo rántí pé oògùn wà nínú omi ẹ̀rọ,
yóò pa àwọn tí ojú kò rí, tó ń bá ẹja tún omi ṣe.
Omi tiwọn ni mo bù sínú garawa,
mo fún un níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Àfọ̀jù a máa fa aṣọ ya.

Abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀, èyí tí òòfà ń yí,
kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.
Mo gbé awò olójú kan mi wọ̀:
irun kan wé mọ́ ọ̀pá rẹ̀, ìwé bí òwú lára kẹ̀kẹ́.
Irun gígùn. Nínú ilé yìí, ta ló tún ní irun gígùn?
Iwájú gíláàsì yẹn ló ti máa ń tú irun rẹ̀.
Mi ò jù ú nù.
Mo ká a sínú ìdérí aago kan tí olówó rẹ̀ kò padà wá.

Mo tò ó padà, mo fi iná sí i.
Ariwo!
Ṣùgbọ́n ariwo mìíràn ni, gòlò-gòlò, bí ẹni ń mu afẹ́fẹ́.
Àṣé ọyẹ́ ti lá omi, ó ti fi ìka mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀.
Mo bu omi tó ti sùn níta láti àná kún un,
mo tẹ ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo mì í jẹ́jẹ́.
Ó gùnfẹ̀ ńlá kan,
ó dákẹ́.

Aago mẹ́sàn-án, fóònù dún.
"Bàbá, ṣé kúráǹ ti lọ ni? Mi ò gbọ́ ẹ̀rọ."
Mi ò mọ̀ pé ó máa ń gbọ́ ọ láti ọ̀hún,
lẹ́yìn ohùn mi.
Mo gbé fóònù sún mọ́ gíláàsì. "Dẹtí."
Àwa méjèèjì dákẹ́.
Ẹja pupa kan wá, ó la ẹnu, ó pa á dé.
"Ó ń ṣiṣẹ́?"
"Ó ń ṣiṣẹ́. Ìwọ ńkọ́,
ṣé o ti jẹun?"