Àlàfo

Wọ́n ní kí n wá Yorùbá fún hiumanísìtì.
Òjò ń lu páànù ilé ìtẹ̀wé wa l'Ókè-Àdó,
tábìlì mi ń mì, ìwé atúmọ̀ kò dúró de ẹnìkan.

Mo kọ afẹ́nifẹ́re, mo pa á rẹ́:
olóṣèlú ti wọ̀ ọ́ gbó.
Mo kọ ọmọlúàbí.
Ọ̀gá Oyèkànmí wò ó títí, ó ní,
"Ìwà nìyẹn. Ìmọ̀ rẹ̀ dà?"
Pásítọ̀ àdúgbò ní kèfèrí ni.
Olùkọ́ kan ní Yunifásítì ní
ẹni tó ń ka ìwé àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni.
Ìyá mi àgbà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun bi mí
bóyá lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n ń lò ó.

Ọjọ́bọ̀, mo lọ gba òkú ẹ̀gbọ́n mi ní Adéọ̀yọ́.
Lámídì ń wẹ ọmọkùnrin kan
tí wọ́n gbé létí Ògùnpa,
tí ẹnikẹ́ni ò tíì wá bèèrè.
Ó rọra gbé orí rẹ̀ bí ẹni gbé ìkókó, ó ní,
"Má bínú, omi yìí tutù díẹ̀."
Mo ní, "Ṣé ó ń gbọ́ ni?"
Ó ní, "Èmi ń gbọ́."

Mo padà sídìí tábìlì tó ń mì.
Mo kọ orúkọ Lámídì, mo pa ìyẹn náà rẹ́,
mo fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀.
Ẹ ṣí i wò, ó fẹ̀ tó àwo omi.
Àwọn tó ra ìwé náà rò pé
àṣìṣe ìtẹ̀wé ni.