Àjẹ̀ Tó Bá Ọkọ̀ Wá

Aago méjì òru ní Ayétòrò, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ wa níbí.
Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti dákẹ́,
bátìrì mi ò ju ìdá mẹ́wàá lọ,
mo ń ka àwọn àlejò tí Wàkílù kó wọ sáìtì ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀:
ọ̀kan fún kàlẹ́ńdà, ọ̀kan fún pásíwọọ̀dù,
ọ̀kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fi kóma sáàárín owó lọ.
Kálukú tún fa ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́ wá.
Mo kà á dé igba ó lé mẹ́tàdínlógún,
mo ṣíwọ́.

Láàárọ̀ Jímọ̀ ni Sìkírátù akọ̀wé pè mí láti etí ọ̀sà:
“Àwọn èrò Ẹ̀jìnrìn ń dúró o.
Kò sí ọjọ́ mọ́. Ibi tí ọjọ́ wà ti funfun báláú.”

Ẹni tó kọ kàlẹ́ńdà náà ti fiṣẹ́ sílẹ̀,
ní ìlú olótùútù kan tí n ò lè pe orúkọ rẹ̀.
Ó ní òun ti bímọ, ó dìgbóṣe.
Ta ni kí n bá jà? Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí.
Agbójúlógún, òṣì ló fara rẹ̀ ta fún.
Agbójúlé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ńkọ́?

Bẹ́ẹ̀ kàlẹ́ńdà kan ń bẹ nínú férémùwọ́ọ̀kì
látọjọ́ tí a ti ṣí i.
Ó rí gbàgìdì. Wàkílù ní tàwọn arúgbó ni.

Bàbá mi, tó ń fi òwú àti ọ̀dà dí ojú pákó, bi mí:
“Àjẹ̀ tó bá ọkọ̀ wá, ẹ sọ ọ́ nù ni?”
Mo ní ó wà nílẹ̀, a ò fọwọ́ kàn án ni.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó na ọ̀dà sí Yàmáhà ìdí ọkọ̀:
“Èmi náà ò rọ ẹ́ńjìnnì.
Ṣùgbọ́n n ò ní ra ìjókòó lọ́wọ́ àlejò
nígbà tí pákó ń gún mi lẹ́sẹ̀.”

Mo ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo fi èyí tó ń bá báǹkì sọ̀rọ̀ sílẹ̀:
ẹ́ńjìnnì nìyẹn, ọwọ́ mi ò ká a.
Mo fi ọ̀kan mìíràn sílẹ̀ pẹ̀lú; ẹ̀rù ló bà mí,
n ò mọ ohun tí yóò wó bí mo bá fà á.

Wàkílù ò tíì dá mi lóhùn.
Kàlẹ́ńdà náà burẹ́wà, òótọ́ ni.
Sìkírátù ní nọ́ńbà rẹ̀ tóbi,
òun ò wá awò mọ́ kí òun tó ta tíkẹ́ẹ̀tì.