Àpọ̀jẹ

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kò sẹ́ni tí í dìde nílé wa.
Bàbá á nu ọ̀bẹ, á na ọwọ́ mú Bíbélì lórí pẹpẹ ògiri,
àbàwọ́n bọ́tà wà létí Léfítíkù
níbi tí àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń ṣí i láti ọdún tí wọ́n bí mi.
Orí kan lálẹ́ kan. A kì í fo àkọsílẹ̀ ta ló bí ta,
a kì í fo orúkọ tí ahọ́n wa kò lè gbé.
Èmi Tjitske, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
mò ń ka èérún búrẹ́dì lórí aṣọ tábìlì,
mò ń retí "Àmín" bí ẹni ń retí ọkọ̀ ojú irin.

Báyìí, Utrecht ni mò ń gbé, ní àjà kọkànlá.
Fóònù mi a máa fún mi ní ẹsẹ kan
ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún,
òun àti àwòrán òkè àti ìrì.
Màá tẹ ọkàn pupa sí i;
kí ọkọ̀ tó dé ibùdó kejì, mo ti gbàgbé.
Ẹgbẹ̀rún ọjọ́ ó lé mẹ́rìnlá láìfo ọ̀kan, ni fóònù wí,
ó ní kí n yọ̀.
Mo ń gbé ọ̀rọ̀ mì bí ẹní gbé oògùn: omi díẹ̀, ó tán.

Ní oṣù kọkànlá, lẹ́tà ìjọba dé bá Màmá:
kó ta oko, kó ta màlúù mọ́kàndínláàádọ́rin,
owó ńlá ni, kó dáhùn kó tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì.
Ẹ̀gbọ́n mi Hylke ti ṣírò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà,
ìlà pupa ń sọ̀kalẹ̀, ń sọ̀kalẹ̀.
"Màmá, kí lẹ tún ń rò?"

Mo bá a nínú ilé ẹran lálẹ́ Ọjọ́rú.
Ẹ̀rọ tí ń fún wàrà ń ṣe tirẹ̀,
apá irin ń wá ọmú nínú òkùnkùn.
Màmá jókòó lórí korobá tó dojú dé
níwájú Baukje, abo màlúù arúgbó
tí wàrà rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́.
"Wò ó. Àárọ̀ ló ti jẹ koríko yìí.
Ó tún pè é padà. Kò sí ohun tuntun lẹ́nu rẹ̀,
síbẹ̀ ibẹ̀ ni wàrà ti ń wá."

Ẹsẹ kan ṣoṣo ni òun náà ti ń jẹ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án,
ti Jákọ́bù, nípa ẹni tí ọgbọ́n kù díẹ̀ fún,
pé kó bèèrè.
Mo mọ̀ ọ́n. Fóònù ti fún mi rí. Ọkàn pupa.

"Mo bèèrè nípa ilẹ̀," ó ní, "nípa gbèsè,
nípa ibojì bàbá rẹ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
ta ni yóò máa tu koríko rẹ̀?
Ọ̀run dákẹ́ bí odò tó di yìnyín.
Àfi lánàá, bí mo ṣe ń fọ bàtà rọ́bà,
ìparí ẹsẹ náà gòkè wá sí mi lẹ́nu:
Ẹni tí à ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kì í bú oníbèèrè.
Àádọ́ta ọdún tí mo ti ń kà á,
n kò tọ́ ibẹ̀ wò rí."

Ó wá yíjú sí mi.
Ọdún mẹ́rin ni n kò ti wálé, láti ìgbà tí a sin Bàbá.
Mo ti to àwáwí mi jọ lójú ọ̀nà, lọ́kọ̀ọ̀kan.
Kò bèèrè ìkankan.
Ó fẹsẹ̀ ti korobá kejì sí mi:
"Jókòó. Ṣé o ti jẹun?"

Òní ni Ẹtì. N kò lè sọ bóyá oko á kù.
Lẹ́tà náà wà lábẹ́ ife kọfí,
Màmá sì ti ń wá awò ojú rẹ̀ láti àárọ̀,
bóyá kó lè fọwọ́ sí i, bóyá kó lè fà á ya.
Fóònù kí mi káàárọ̀, òun àti ẹsẹ tuntun.
Mo dojú rẹ̀ dé sáàárín èérún búrẹ́dì.
Ti àná ni mo ṣì ń jẹ.