Fóònù Tó Mọ Orúkọ Kan

Tuntun ni Gọ́ṣà pè é.
Ó fi èékánná ya ọ̀rá ara páálí níṣojú mi,
ó ní, "Ìyá Nátélà, ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò."
Mo gbóòórùn rẹ̀. Ó ń rùn bíi tuntun lóòótọ́,
bíi bàtà ọmọ iléèwé lóṣù kẹsàn-án.
Ẹgbẹ̀rin láàrì ó dín ogún:
owó ọsàn tí mo já fún odindi ìkórè kan.
Mo kà á sórí káùńtà lọ́kọ̀ọ̀kan,
òjò Bàtúmì ń kan gíláàsì
bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ta.

Ọjọ́ kẹta ni mo rí nǹkan.
Lábẹ́ ọ̀rá tó bo ojú rẹ̀, ní igun òsì,
irun ìpéǹpéjú kan, ó pupa díẹ̀.
Tèmi ti funfun láti ọdún tí ọkọ mi ti kú.
Mo ní bóyá ẹni tó ń di páálí nílé iṣẹ́ ló ni ín.
Àwọn náà ṣáà ní ìpéǹpéjú.

Síúrì, ọmọ ọmọ mi, tú inú rẹ̀ wò.
Ó ní, "Màmá àgbà, bátìrì yìí ti gbó.
Nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló kù."
Mo ní, kí ló wá dé?
Mélòó ló kù nínú tèmi?

Àfìgbà tí mo fẹ́ kọ̀wé sí ọmọ mi ní Pólándì.
*Má gbàgbé láti jẹun* ni mo fẹ́ kọ.
Mo tẹ *Má*. Fóònù ò dúró dè mí.
Ó to ọ̀rọ̀ mẹ́ta síwájú mi:
*bínú. sùn. Nódárì.*

Nódárì kan ṣoṣo tí mo mọ̀
ni apẹja tó bómi lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé.
Òun ò sì lè ní fóònù.

Mo padà lọ bá Gọ́ṣà. Ó fi ìyá rẹ̀ búra.
Mo mọ ìyá rẹ̀. Mo mọ bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó.
Ó ní wọ́n máa ń dán an wò nílé iṣẹ́ ni.
Mo ní, "Gọ́ṣà, ta ni wọ́n ń bẹ̀ nílé iṣẹ́?"
Ó wolẹ̀.
Aṣọ àlòkù kì í gbàgbé
èjìká ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.
Ó ní kí n mú un wá lọ́la, òun á dá owó mi padà,
kí n má ṣáà jẹ́ kí àdúgbò gbọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, búrẹ́dì àgbàdo wà lórí iná,
mo jókòó tì í. Mo tẹ *Má*,
mo wá ń fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ yọjú,
bí ẹni tó ń tẹ̀lé ojú ẹsẹ̀ nínú yìnyín:

*Má bínú Nódárì mo ti délé kò sí iná
kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó mo ti délé
kò sí iná má bínú Nódárì mo ti délé*

Ó ń yí po bẹ́ẹ̀,
bíi màlúù tí wọ́n so mọ́ òpó.
Búrẹ́dì mi jóná.

Ta ló tà á? Ebi ni, àbí olè?
Ṣé onírun pupa ló ń bẹ̀, àbí òun ni wọ́n bẹ̀?
Ṣé ẹnikẹ́ni wo abẹ́ ìkòkò yẹn?

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Gọ́ṣà ti ka owó sílẹ̀. Ó nawọ́.
Mo ní, "Mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún ló ti lọ.
Ìyẹn nìkan ni kí o dá padà."
Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọ̀nà tí afárá rẹ̀ ti wó.
Ó ka láàrì mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún fún mi.

Síúrì ní kí n pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́. Mo ní lọ́la.
Oṣù méjì rèé tí mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀.
Lánàá, mo tẹ *Má*. Ó tún to mẹ́ta síwájú mi:
*bínú. gbàgbé. Nódárì.*
Mo ti ráyè jókòó láàárín wọn.