Bàbà, Bàbá

Ní Wusakile, létí ìlú Kitwe,
Kapembwa ti ibi ìwakùsà dé, ilẹ̀ ti ń ṣú,
eruku pupa lẹ́yìn etí rẹ̀.
Ó bá ìyàwó rẹ̀ níwájú àpò ìyẹ̀fun àgbàdo
tó ti rọ̀ bí ikùn aláàwẹ̀.

"Wọ́n tún ti fowó lé e," ni Nsama wí.
"Ṣọ́ọ̀bù kan náà, ẹni kan náà,
ó ní ọ̀tọ̀ ni iye àná."

Kapembwa ń tú okùn bàtà.
Kí ló fẹ́ sọ?
Pé àgbàdo kò ré òkun kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn?
Pé òjò rọ̀ ní Mkushi, àwọn àgbẹ̀ sì kórè?
Òtítọ́ ni.
Ṣùgbọ́n epo tó wà nínú ọkọ̀ tó rù ú wá, òkè òkun ló ti wá;
ajílẹ̀ tí wọ́n fi gbìn ín, dọ́là ni wọ́n fi rà á;
dọ́là náà, bàbà ló ń bá wọn wá a.
Bàbà sì ti já wálẹ̀.

Lédè tèmi, ohùn kan péré ló ya irin yìí
sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń wa á nílẹ̀:
bàbà, bàbá.
Bí ọ̀kan bá já, èkejì a dákẹ́.

Ojú kọ̀ǹpútà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti já,
kò dún, kò bọ́ lu ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni.
Ẹnìkan tí kò gbọ́ òórùn ihò ilẹ̀ rí
tẹ bọ́tìnnì, ó dìde, ó lọ bu kọfí.
Wọ́n ní ilé kíkọ́ ti dáwọ́ dúró ní Ṣáínà,
wọn ò ra wáyà bíi ti tẹ́lẹ̀.
Ilé tí wọn ò kọ́ lọ́hùn-ún
ló wó lu ìkòkò Nsama.

Kwacha tẹ̀ lé bàbà lọ sísàlẹ̀
bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ láṣọ mú.
Ọṣẹ gòkè. Òróró gòkè.
Owó ọkọ̀ ilé ìwé Mukuka. Àní iyọ̀.
Òkúta tí Kapembwa sì wa lónìí
kò fi ẹyọ kan dín sí ti èṣí.

Mukuka gbójú sókè nínú ìwé ìṣirò:
"Bàbá, lọ́dún tí bàbà wọ́n gógó,
ṣé ìyẹ̀fun wálẹ̀?"

Nsama ló rẹ́rìn-ín.
Ó bu omi kún omi inú ìkòkò,
ó da ìyẹ̀fun sí i, kò tó ti àná.
Orógùn ń yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́,
kò gba agbára rárá.